Iye Tí Josiah Fi Ń Gbá Ihò Èéfín

Josiah dúdú. Bí mo ṣe wí bẹ́ẹ̀, ẹ má rò pé àwọ̀ tí Ọlọ́run fún un ni mò ń bá wí. Ti Ọlọ́run pọ́n díẹ̀; ti iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣú. Bí ó bá fara ti ògiri ilé kan lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán, àfi kí onílé tún ilé kùn. Ràmọ́tà ìyàwó rẹ̀ búra fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹfà ni òun ń fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́ kí òun tó rí ibi tí etí rẹ̀ wà. Tí ó bá sì húkọ́ l'Ọ́yọ̀ọ́, àwọn ará Awẹ́ á kí i pé ẹ pẹ̀lẹ́. Ikọ́ yẹn nìkan ni n kò fi ṣẹ̀fẹ̀. Àyà rẹ̀ ti bàjẹ́, òun náà sì mọ̀.

Ọdún méje ló fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ òyìnbó kan tó ń wa kùsà ní Jọ́ọ̀sì. Òtútù ibẹ̀ le débi pé inú ògiri yàrá ni àwọn òyìnbó ti ń dáná, ihò a sì gba inú ògiri náà gòkè dé òrùlé kí èéfín lè rí ọ̀nà bá lọ. Josiah kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá ihò náà. Nígbà tó padà sí Ọ̀yọ́ ní 1951, ó kó búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta àti okùn gígùn kan bọ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Gbogbo ihò èéfín tó wà ní ìlú náà kò ju méjì lọ, ti àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì. Ká ní ó gba ọmọṣẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan ì bá máa fọwọ́ lẹ́rán.

Ṣùgbọ́n ó kó àrùn kan bọ̀ láti Jọ́ọ̀sì tó burú ju ikọ́ lọ: iye kan ṣoṣo ló máa ń dá lé iṣẹ́ rẹ̀. Òyìnbó a bi í pé èló, Josiah a sọ ọ́, òyìnbó a kà á sílẹ̀, ó parí. Ó wá gbé ìwà yìí wọ ìlú tí a ti ń ná iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, tí a ń ná pósí lójú òkú. Ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó pa ẹnu dé.

"Bàbá Bọ́lánlé," Ràmọ́tà á ní, "ẹ sọ pé ogún, kí wọ́n ná an dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí ló ń ro yín lára níbẹ̀?"

"Irọ́ ni. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó okùn wà níbẹ̀, owó mílíìkì tí mò ń mu nítorí àyà mi wà níbẹ̀. Èwo ni mo fẹ́ yọ?"

Nígbà ọyẹ́ 1954 ni Adéṣínà ránṣẹ́ pè é láti Ògbómọ̀ṣọ́. Adéṣínà yìí ti fi aṣọ títà lówó ní Jọ́ọ̀sì, ó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Takie, ilé tó ga débi pé òjò ń kan orí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó kan tiwa. Ìyá rẹ̀ arúgbó, Ìyá Àjíkẹ́, kì í lè fara da ọyẹ́. Nítorí náà Adéṣínà ní kí wọ́n mọ ààrò sínú ògiri yàrá ìyá náà, bí ti òyìnbó gẹ́lẹ́. Ìyá ń da èèpo ẹ̀kùrọ́ sínú ààrò náà, nítorí igi wọ́n. Lẹ́yìn ọyẹ́ méjì, ọ̀rá èèpo náà ti dí ihò, èéfín sì ń padà wọ yàrá. Èémí ìyá ń dún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.

Josiah wọ ọkọ̀ ẹrù wá. Ó ki orí bọ ààrò, ó wo òkè, ó húkọ́, ó sì jáde.

"Ihò kan ṣoṣo yìí, èló?" Adéṣínà bi í.

"Ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, sà."

"Háà! Ṣé ihò lo fẹ́ gbá ni, àbí o fẹ́ fi ìyá mi ṣaya, tí o wá ń da owó orí rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn?"

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Jẹ́ kó fẹ́ mi, ó jàre. Ọmọ dáadáa ni. Ó kàn dúdú ni."

"Ṣílè márùn-ún," Adéṣínà wí.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, sà."

"Mẹ́jọ. Ojú rẹ ni mo wò."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni."

"Mẹ́wàá! O ò tiẹ̀ ní yọ tọ́rọ́ kan kí ara tu èèyàn? Ta ló kọ́ ẹ lọ́jà títà?"

Josiah ká okùn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má dáná síbẹ̀ mọ́ títí ẹ ó fi rí ẹni gbá a. Ihò yẹn á pa èèyàn." Ó bá sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọjà ṣe rí. Oníbàárà a yíjú padà bí ẹni ń lọ, ọlọ́jà a jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ mẹ́fà, a wá pè é pé, "Ẹ padà wá, ẹ mú owó wá." Ṣùgbọ́n ọlọ́jà ló ń lọ yìí, oníbàárà ló dúró. Ta ni kó pe ta ni? Josiah dúró sí Takie, ó jẹ́ kí ọkọ̀ Ọ̀yọ́ mẹ́ta kọjá, ó ń wo ọ̀nà ilé Adéṣínà. Kò sí ẹni tó pè é. Ó wọ ẹ̀kẹrin.

Ní ọjọ́ kejì, Adéṣínà rí Ṣàngódèyí, akọpẹ tó lè gun afẹ́fẹ́ bí o bá fún un ní igbà. Ṣàngódèyí pe ṣílè méjìlá, Adéṣínà pe mẹ́rin, wọ́n ná an títí, wọ́n sì pàdé ní mẹ́fà. Inú àwọn méjèèjì dùn bí ẹni mú ọkà bọ̀ láti oko. Ṣàngódèyí gun òrùlé, ó di imọ̀ ọ̀pẹ pọ̀, ó so òkúta mọ́ ọn, ó fi okùn sọ ọ́ sínú ihò. Ìdọ̀tí ń wọ́ yàà sínú ààrò nísàlẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, okùn já. Ìdì imọ̀ há síbi tí ihò ti wọ́. Ṣàngódèyí yọjú wò ó, inú ihò ṣókùnkùn. Inú ihò wo ni kì í ṣókùnkùn? Ó sọ̀kalẹ̀.

"Ó ti mọ́," ó wí, ó gba ṣílè mẹ́fà, ó sì gba oko lọ.

Ọyẹ́ ọjọ́ náà le. Ìyá ní inú òun dùn pé ihò ti mọ́. Ó kó èèpo ẹ̀kùrọ́ sí i dáadáa, ó sì ní kí Morẹ́nikẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi àkísà dí gbogbo ojú fèrèsé. Nígbà tí Morẹ́nikẹ́ gbé ògì lọ fún un láàárọ̀, ẹni tí yóò mu ògì kò sí mọ́.

Màlúù méjì ni wọ́n fi sin ín, wọn kò sì ná ìkankan nínú méjèèjì, nítorí ojú ayé.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, awakọ̀ kan bá Adéṣínà jẹ́ iṣẹ́ fún Josiah pé kó wá wo ohun tó wà nínú ihò náà. Josiah wá. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì gòkè, ohun kan já wálẹ̀ gbì pẹ̀lú òkúta rẹ̀. Adéṣínà wo ìdì imọ̀ ọ̀pẹ náà. Ó jókòó sórí ibùsùn ìyá rẹ̀.

"Lọ́jọ́ yẹn," ó wí, "ojú fèrèsé òkè ni mo dúró sí. Ṣílè mẹ́rìnlá wà lọ́wọ́ mi. Mò ń retí kí o bojú wẹ̀yìn."

Josiah ní, "Mo wà ní Takie, sà. Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo jẹ́ kó lọ."

"Ká ní mo pè ẹ́ sí mẹ́rìnlá, ṣé ò bá gbà?"

Josiah fẹ́ sọ̀rọ̀, ikọ́ gbé e. Ikọ́ náà pẹ́, n kò sì lè sọ fún yín bóyá ìdáhùn wà lábẹ́ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ní kó gbá ihò, ṣùgbọ́n ó gbá a. Ọjọ́ méjì gbáko, láti òrùlé dé ìsàlẹ̀, títí èèyàn fi lè rí ojú ọ̀run látinú ààrò. Adéṣínà ka ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé e lọ́wọ́, ó gbà á, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kẹta, Adéṣínà pe bíríkìlà pé kó fi sìmẹ́ǹtì dí ihò náà pa. Bíríkìlà wo ilé gíga yẹn, ó wo onílé, ó ní ṣílè mẹ́jọ. Adéṣínà ki ọwọ́ bàpò, ó kó mẹ́jọ fún un láìná an. Bíríkìlà dí ihò. Ṣùgbọ́n ìdààmú ni ó bá lọ sílé. Kò lè jẹun. Ó ń bi ìyàwó rẹ̀ léraléra pé kí ló dé tí òun kò pe ogún.