Ara Bàbá Ńkọ́?

Awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ológbò ilé wọn ní Bàbá, nítorí irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹran burúkú náà ti wá darúgbó. Kíndìnrín ń yọ ọ́ lẹ́nu, ìtọ̀ ṣúgà ń bá a fínra, oríkèé ń ro ó, síbẹ̀ orí àga awakọ̀ ní pálọ̀ ló ń sùn. Ìyàwó awakọ̀ ló ń gún un lábẹ́rẹ́ láràárọ̀, tí á máa bẹ̀ ẹ́ bí ọba.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ wọn obìnrin pè lórí fóònù, ìyá rẹ̀ gbé e, ohùn ọmọ náà sì ń dún síta.

"Màmá, ara Bàbá ńkọ́?"

Inú awakọ̀ dùn, ó nawọ́ sí fóònù.

"Ó ti gba abẹ́rẹ́, ó sì ti tọ̀ dáadáa," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Awakọ̀ fawọ́ padà, ó ní, "Bá mi sọ fún un pé èmi náà ti tọ̀."