Ahọ́n Ìyá Oníkòrò

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú lójúkojú, ẹ bi Ìyá Oníkòrò léèrè bóyá ṣokoléètì rẹ̀ dùn. Yóò kọ́kọ́ wò yín láti òkè délẹ̀, yóò wá ní, "Ṣé súìtì ni mo pè é fún yín ni?" Ṣokoléètì dúdú ló ń tà, èyí tí kòkó inú rẹ̀ pọ̀ ju ṣúgà lọ fíìfíì, tí mílíìkì kò sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn tó fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Oníkòrò. Nígbà tó yá, òun náà ń jẹ́ ẹ, ó ní orúkọ tó bá ń bá èèyàn tajà kì í ṣe èébú.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòroó ṣàlàyé. Yóò ra ṣokoléètì ní páálí-páálí lọ́dọ̀ ẹni tó ń kó o wọlé, yóò tò ó sínú àpótí kéékèèké, yóò wá gbé àpótí náà sínú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agolo tíì kan, ìgò oyin kan àti káàdì tí olùrà lè kọ orúkọ sí. Yóò fi ọ̀rá títàn wé gbogbo rẹ̀, yóò so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹ̀bùn ló ń rà á. Yàrá àlejò ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo èyí, nítorí náà àlejò kò ríbi jókòó níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n to apẹ̀rẹ̀ léra wọn títí kan àjà, ríbọ́ọ̀nù ló sì ni àga.

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, ló ń bá a so ríbọ́ọ̀nù. "Ìyàwó" ló ń pè é, kò pè é ní nǹkan mìíràn rí. Ọwọ́ Ìyàwó dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n ní ti ká mọ adùn oúnjẹ, Ìyá Oníkòrò kò kà á kún rárá. Ẹni tó ń da ṣúgà síbí mẹ́rin sínú ife tíì kan ṣoṣo, kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ mọ̀?

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n bá yín tọ́ ọ wò?" Ìyàwó a máa bi í bí páálí tuntun bá dé.

"Tọ́ kí ni wò? Lọ tọ́ ṣúgà rẹ wò jàre."

Ahọ́n tirẹ̀ ló gbójú lé, kì í sì í fi pamọ́. Bàbá Onípáálí tó ń tajà fún un mọ̀ bẹ́ẹ̀. Arúgbó kan ni, ẹ̀wù òtútù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ nítorí yàrá títutù tó ń kó ọjà sí. Àwọn méjèèjì ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Bàbá yóò ṣí páálí kan, yóò mú ẹyọ kan jáde, yóò ṣẹ́ ẹ sí méjì létí Ìyá Oníkòrò. Bó bá dún pá, ó dára. Bó bá kàn tẹ̀ bí àbẹ́là tó gbóná, wọn kò ní dà á láàmú mọ́. Oníkálukú á wá fi ìlàjì tirẹ̀ sórí ahọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí yóò fi yọ́ tán. Ìyá Oníkòrò ló máa ń kọ́kọ́ fọhùn. Bó bá ti ní ó ṣe é rà, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Wọ́n ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wàhálà tó dé. Lọ́jọ́ kan, ṣokoléètì yọ́ tán lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ó mà dùn."

"Ó dùn báwo?"

"Ó dùn bíi ti ọmọdé. Àwọn tó ń ṣe é ti fi ṣúgà kún un."

Bàbá Onípáálí yí páálí padà, ó fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà ara rẹ̀. Àádọ́rin ni, ìyẹn ni pé bí a bá pín in sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, àádọ́rin nínú rẹ̀ jẹ́ kòkó. Ó ní, "Èyí tí o ti ń rà láti ọjọ́ yìí wá náà ni."

"Ẹ ṣáà fún mi ní èyí tó koro jù ú lọ."

Ó fún un. Kò pẹ́ kò jìnnà, ìyẹn náà tún ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó tún gòkè sí i. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, koko ló ń le sí i. Níkẹyìn, ó ju ìlàjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí páálí, lójú àwọn oníbàárà mìíràn, ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá ti ń bu omi lu ọjà, ẹ sọ fún mi! Ẹ má fi mí ṣe ọmọdé!"

Bàbá kò gbaná jẹ. Ó ní, "Oníkòrò, ọjà kò yí padà. Jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ọ tọ́ ọ wò."

"Ẹlòmíràn? Ṣé ẹlòmíràn ló ń ra ọjà lọ́wọ́ yín ni?"

"Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́ o," Bàbá ń sọ fún un bó ṣe ń lọ. Ìyá Oníkòrò kò tilẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀.

Ó rí òǹtajà mìíràn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù nígbà tó ń tajà. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tó ń ta ṣokoléètì tí ṣingọ́ọ̀mù kò kúrò lẹ́nu rẹ̀! Ṣùgbọ́n ó ní èyí tó koro jù lọ. Ìyá Oníkòrò fi ẹyọ kan sẹ́nu, ó dijú, ara rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ̀hẹ́n, èyí ni ṣokoléètì." Ó ra páálí tó lè ra.

Wàyí o, oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù ni obìnrin kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní igun títì, tó ní fèrèsé gíláàsì ńlá tí gbogbo ẹni tó ń kọjá gbọ́dọ̀ wò. Apẹ̀rẹ̀ Ìyá Oníkòrò nìkan ló máa ń wà nínú fèrèsé yẹn. Ibẹ̀ ni àwọn ṣọ́ọ̀bù yòókù ti rí i kí wọ́n tó wá bá a. Bí fèrèsé yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti Ìyàwó yóò kàn máa wo ara wọn láàárín apẹ̀rẹ̀ òfìfo ni.

Olóṣọ́ọ̀bù yìí ló pè é lórí fóònù pé kó wá. Nígbà tó débẹ̀, àwọn àpótí rẹ̀ ló bá lórí tábìlì, gbogbo wọn ní ṣíṣí. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyọ ṣokoléètì kan wà tí wọ́n ti gé jẹ, tí wọ́n sì dá padà sínú bébà rẹ̀. Ojú eyín ṣì hàn lára wọn.

Olóṣọ́ọ̀bù ní, "Màámi, ẹ wò ó. Èyí, obìnrin kan ló gbé e lọ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ ní ṣé ó fẹ́ fún òun ní oògùn jẹ ni. Èmi ló wá bá jà."

"Wọn ò mọ oúnjẹ ni."

"Àwọn tí ò mọ oúnjẹ yìí náà ló ń ra ọjà wa. Màámi, ẹni tó ń ta ọṣẹ olóòórùn dídùn ti ń bẹ̀ mí nítorí fèrèsé yẹn, mo ń sọ fún un pé kò sí àyè. Bí ẹ ò bá gbé nǹkan mìíràn wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò ní lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ẹ ò bá rí bí Ìyá Oníkòrò ṣe wọlé lọ́jọ́ náà, tòun ti àpótí tí wọ́n dá padà. Ó ta apẹ̀rẹ̀ kan nípàá, ríbọ́ọ̀nù lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ń fà á kiri yàrá bó ṣe ń bínú. Ó bú Bàbá Onípáálí, ó bú ìyá ọkọ tí kò rí rí, ó bú ọṣẹ. Gbogbo ayé ló fẹ́ súìtì! Gbogbo wọn!

Ìyàwó fa àpótí kan mọ́ra. Ó mú ẹyọ kan nínú èyí tí wọ́n dá padà, èyí tí eyín kò kàn, ó fi sẹ́nu. Ojú rẹ̀ fún pọ̀ bíi ti ẹni tí eyín ń dùn, ó sáré lọ sí kíṣìnì, Ìyá Oníkòrò gbọ́ tí omi ń dà. Nígbà tó padà dé, Ìyá Oníkòrò ti ń dúró dè é.

"Ṣúgà ló ń dà ọ́ láàmú."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo máa ń jí ọjà yín jẹ tẹ́lẹ̀."

"Kí lo wí?"

"Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé yìí. Ẹyọ kan, ẹyọ kan. Ó máa ń koro, àmọ́ bó bá ti koro tán, nǹkan dáadáa kan máa ń tẹ̀lé e." Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹnu. "Ó ti pẹ́ tí mi ò jí i mọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyàwó fúnra rẹ̀ lọ bá Bàbá Onípáálí, ó ra páálí kan tí nọ́ńbà ara rẹ̀ jẹ́ àádọ́rin, ó gbé e wá síwájú Ìyá Oníkòrò. Àwọn méjèèjì mú ìlàjì kọ̀ọ̀kan. Ojú Ìyàwó rọ̀, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. "Òun nìyí! Èyí tí mo máa ń jí náà nìyí!" Lẹ́nu Ìyá Oníkòrò, súìtì lásán ni. Ó yí páálí náà padà, ó wo nọ́ńbà, ó wo orúkọ àwọn tó ṣe é. Kò sí ohun tó yí padà lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè. Ó jókòó sórí ríbọ́ọ̀nù. Láràárọ̀ ló ti ń tọ́ nǹkan yìí wò, ọdún dé, ọdún lọ. Kò fi ṣúgà sí tíì mọ́, oyin tó ń kó sínú apẹ̀rẹ̀ kò ṣe é fi kan ẹnu mọ́, ó sì rò pé òye ló ń yé òun sí i. Ahọ́n rẹ̀ ti bá ìkorò lọ, ó fi àwọn èèyàn sílẹ̀ lẹ́yìn. Ká ní Bàbá jalè ni, ìbá tù ú lára.

Ó lọ bá Bàbá Onípáálí, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì yàrá títutù.

"Dìde, ilẹ̀ tutù," Bàbá sọ. "Ohun tó ṣe ahọ́n rẹ yìí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Èmi náà, ìyàwó mi ló ń bá mi tọ́ ọ wò nílé."

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Mo sọ. O ní ṣé ẹlòmíràn ló ń ra ọjà ni."

Inú tún bí i. Ìyàwó ló bá Bàbá tọ́ àwọn ọjà wò lọ́jọ́ náà. Ìyá Oníkòrò dúró létí ilẹ̀kùn, ó ń wo ojú wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì fi ojú ẹlòmíràn ra ọjà rí.

Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ tuntun lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Olóṣọ́ọ̀bù tú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́, ó dijú, ó tún mú òmíràn kó tó sọ̀rọ̀.

"Èyí gan-an ni! Màámi, ahọ́n yín yìí, kò sírú ẹ̀."

"Kì í ṣe ahọ́n mi," Ìyá Oníkòrò sọ. "Ìyàwó ló yàn án."

Olóṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Ẹ wá gbọ́ àwàdà o! Ìyàwó tí ẹ ní kò mọ oúnjẹ!"

"Mo ní kì í ṣe èmi."

"Ẹ jẹ́ ká sinmi, Màámi. Ọlọ́ṣẹ á dúró ná." Ó ṣẹ́ ẹyọ kan sí méjì, ó ki ìlàjì rẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ẹ bá mi jẹ ẹ́."

Ìyá Oníkòrò fi sẹ́nu. Ó wá ìkorò náà lábẹ́ ahọ́n, ó wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dúró títí tó fi yọ́ tán pátápátá. Ìyàwó nìkan ló mọ ohun tó ń wá, ó sì ń wo ilẹ̀.

"Ó rí báwo?" Olóṣọ́ọ̀bù bi í.

"Ó dùn," ló wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Olóṣọ́ọ̀bù rò pé ayọ̀ ni, ó gbá a mọ́ra, ó sì lọ mú àkísà wá láti nu gíláàsì fèrèsé.