Fírísà Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà

Ọkọ Ìyá Aránkọ́tìnì ló ń tún ẹ̀rọ omi gbogbo àdúgbò ṣe, ṣùgbọ́n táàpù ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀ ń kán tó, tó, tó, láti ìgbà tí àbígbẹ̀yìn wọn ti ń rákò títí ọmọ náà fi relé ọkọ. Bí obìnrin náà bá sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Púlọ́ńbà á ní, "Ṣé ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ jìjàkadì pẹ̀lú páìpù níta ni yóò tún wá bá páìpù jà nílé?" Ìdí nìyí tó fi yà á lẹ́nu lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ wọlé tòun ti dírílì lọ́wọ́, tó ní òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ ilé.

Iṣẹ́ ilé náà kì í ṣe ti táàpù omi o. Táàpù bíà ni.

Ó ní bíà tí wọ́n ń tà ní ìkóríta ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ jòjòló. Ó ní òun rí i nílé ẹnìkan tí òun lọ ṣiṣẹ́ fún, bí wọ́n ṣe gbé odindi àgbá bíà sínú fírísà, tí gáàsì ń tì í láti inú sílíńdà, tí rọ́bà ń gbé e jáde, tí bàbá onílé kàn jókòó tó ń fa ọwọ́ táàpù bí ẹni tó ni ayé. "Ìyá wọn, fírísà lásán ni. Páìpù ni gbogbo ìyókù. Ta ló mọ páìpù tó mi?"

Kò sẹ́ni tó mọ páìpù tó Púlọ́ńbà o. Fírísà ni kò mọ̀. Èyí tí ìyàwó rẹ̀ ń kó ẹran sí ló kọ́kọ́ dojú dírílì kọ. Ó lu ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, láì mọ̀ pé inú ògiri fírísà gan-an ni páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé òtútù kiri lọ́ mọ́ra wọn sí bí ìfun. Ohun tó gbọ́ ni "fìììì." Gáàsì jáde, fírísà kú. Gbogbo ẹran inú rẹ̀ di sísè lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àwọn aládùúgbò sì ń béèrè ẹni tó ń ṣe ìnáwó. Kò sí oníbàárà tó wá wá kọ́tìnì lọ́sẹ̀ náà tí obìnrin yìí ò sọ fún: "Púlọ́ńbà ni ọkọ mi o. Páìpù ló fi dírílì lù."

Ìgbà tó ra fírísà kejì ni Púlọ́ńbà tó fetí sí Dókítà. Dókítà yìí kò wo ènìyàn rí. Fírísà àti ẹ̀rọ amúlétutù ló ń wò, ọ̀rẹ́ Púlọ́ńbà sì ni. Ó ní, "Má fọwọ́ kan ògiri rẹ̀ mọ́. Tú ọmọrí rẹ̀, kan férémù pákó lé e lórí, kó o dá ọmọrí padà sórí pákó. Inú pákó ni kí táàpù gbà jáde." Púlọ́ńbà ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ṣe é kọjá bẹ́ẹ̀. Ó kan pákó tó nípọn bí ilẹ̀kùn, ó fi gọ́ọ̀mù tí àgbàrá òjò ò lè tú lẹ̀ ẹ́, ó kan ẹsẹ̀ mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀ kí ẹni tó ń bu bíà má baà máa bẹ̀rẹ̀. Ó so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ okùn iná rẹ̀ tó ń pa á bí òtútù bá ti tó, nítorí fírísà ò mọ̀ ju kó sọ nǹkan di yìnyín lọ.

Yàrá ẹ̀yìn ló ti kan gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Fífi téèpù wọn fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà ni obìnrin náà fi ń jẹun; ojú rẹ̀ nìkan tó téèpù. Ó wo fírísà, ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá wọn, báwo ni nǹkan yìí ṣe máa jáde?"

"Ó ní ibi tó ń lọ ni? Jọ̀ọ́, rán kọ́tìnì rẹ."

Ife àkọ́kọ́ tó bù, ìfófó ni láti ìsàlẹ̀ dókè. Ó mu ìfófó náà, ó lẹ̀ mọ́ ọn nírùngbọ̀n, ó ní ó dùn, ó ní òun máa tún un ṣe. Kò tíì tún un ṣe tó fi ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ní àyà òun wúwo, kí ìyàwó òun fún òun lómi. Kí omi tó dé, ó ti lọ.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ìyá Aránkọ́tìnì sunkún títí ojú rẹ̀ wú, ó sì ríran. Ohun tó rí ni àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ mẹ́ta tó wá ń bá a kẹ́dùn ní Sátidé. Alága wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìfẹ̀yìntì ilé ìfìwéránṣẹ́, tí kò sí ẹgbẹ́ tí kò tíì jẹ alága rẹ̀, títí kan ẹgbẹ́ àwọn tí ajá aládùúgbò kì í jẹ́ sùn. Dókítà wà níbẹ̀. Ṣúmékà tó ń tún bàtà ṣe náà wà níbẹ̀, òun ló kéré jù, ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló máa ń gbè lẹ́yìn. Wọ́n á fajú ro, wọ́n á mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ni ojú wọn ń yà sí.

Kò pẹ́ tí Alága fi wúkọ́. "Ìyàwó wa, ṣé ẹ lè jẹ́ ká kí ibi tí ọ̀rẹ́ wa ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn?"

Wọ́n ṣí fìlà wọ yàrá náà bí ẹni tó wọ ilé ìsìn. Dókítà ṣí ọmọrí fírísà. Ṣúmékà ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ṣòfò," ó sì pọ́n ètè lá.

Bí wọ́n ṣe dá Ìgbìmọ̀ Ìparí Iṣẹ́ Olóògbé sílẹ̀ nìyẹn. Alága jẹ alága. Dókítà jẹ olórí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ṣúmékà jẹ igbákejì, ó jẹ akápò, ó sì jẹ ọmọ ẹgbẹ́, torí Alága ní ìgbìmọ̀ tí kò ní ọmọ ẹgbẹ́, ta ni wọ́n ń ṣe alága lé lórí?

Ní Sátidé gbogbo, wọ́n á gbé àgbá tuntun dé láti wádìí ohun tó ń mú kí bíà di ìfófó. Alága á ní gáàsì ló le jù. Dókítà á ní rọ́bà ló kúrú, bíà ń sáré jáde jù. Wọ́n á jiyàn. Kí wọ́n tó lè mọ ẹni tó jàre, wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò, kí wọ́n sì tó tọ́ ọ wò dójú àmì, ìfófó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọlẹ̀ nínú ife. Ìwádìí náà kì í parí títí àgbá á fi gbẹ.

Ìyá Aránkọ́tìnì á pe ọmọ rẹ̀ obìnrin lórí fóònù. "O gbọ́ ariwo wọn? Wọ́n ń rẹ́rìn-ín kèékèé bí ẹni pé bàbá rẹ lọ ra búrẹ́dì ni!"

"Màámi, ẹ kúkú lé wọn."

"Màá lé wọn. Ṣé o rò pé mi ò ní lé wọn ni?"

Bí Sátidé mìíràn bá sì mọ́, á ti gbá yàrá ẹ̀yìn, á ti to ìjókòó mẹ́rin sí i fún ọkùnrin mẹ́ta.

Ló bá di ọjọ́ kan tí Dókítà gbé rọ́bà gígùn dé, ó ká a jọ nínú fírísà bí ejò tó sùn, ó sì dín gáàsì kù. Bíà jáde, ó mọ́ kedere, ìfófó orí rẹ̀ ò ju ìbú ìka kan lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ife náà bí ẹni tó pàdánù nǹkan. Iṣẹ́ parí. Ìgbìmọ̀ ò níṣẹ́ mọ́.

Alága wúkọ́. "Ìyàwó wa, ìgbìmọ̀ ti jókòó."

"Ìgbà wo?"

"Báyìí. Kò yẹ kí ọkùnrin máa pé jọ nílé opó. Ẹnu ayé ò dáa. A máa gbé ẹ̀rọ yìí lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi."

Obìnrin náà wo ẹ̀rọ náà. Ó ronú Sátidé tí kò ní sí ohùn kan nínú ilé ju ti táàpù ilé ìdáná lọ. Ó fẹ́ ní kí wọ́n má gbé e lọ. Ẹnu tó fi ń bú wọn láti ọjọ́ yìí, ṣé òun náà ló máa wá fi bẹ̀ wọ́n?

"Ẹ máa gbé e," ó ní. "Bó bá ti jáde, tiyín ni."

Wọ́n tú àgbá kúrò, wọ́n gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá. Dókítà àti Ṣúmékà bọ́ sí ìta láti máa fà á. Alága dúró sínú láti máa pàṣẹ. Wọ́n fà, ó tẹ̀ síwájú. Wọ́n tún fà, ó ké "krrrk," ẹsẹ̀ pákó há mọ́ férémù ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún, táàpù há mọ́ ọn lósì. Ó dúró gbọin.

"Ẹ fà á!" ni Alága ń pariwo.

"Ó ti há, ẹ̀gbọ́n!"

"Ẹ tì í padà nígbà náà!"

"Kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn!"

Ìgbà yẹn ló yé gbogbo wọn pé fírísà ti dí ẹnu ọ̀nà pátápátá, Alága sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Irin tí Púlọ́ńbà fi dí fèrèsé yàrá náà, olè ò lè gbà á wọlé, alága ò sì lè gbà á jáde.

"Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀!" ni Alága wí.

"Ká má rí i," ni Dókítà dáhùn. "Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á dà síbi tí kò yẹ, á bàjẹ́."

"Ká fi ayùn gé pákó rẹ̀," ni Ṣúmékà wí.

Ìyá Aránkọ́tìnì gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Ẹni tó bá fi ayùn kan pákó tí ọkọ mi kàn, kó yáa kọ́kọ́ fi gé mi."

"Òótọ́ ni, ayùn ò dáa," ni Ṣúmékà tún wí.

"Ẹ fọ́ ògiri!"

"Ògiri ilé ta, Alága?"

Alága jókòó sórí àgbá bíà. Dókítà àti Ṣúmékà jáde lọ wá àwọn géńdé tó lágbára. Ìyá Aránkọ́tìnì gbé àpótí ìjókòó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà, ó mú kọ́tìnì tó ń rán dání, ó jókòó.

Ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn fírísà. "Ìyàwó wa, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí. Mo ń ká etí kọ́tìnì."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé kò ní gba ẹnu ọ̀nà?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò sì sọ fún wa!"

"Ẹ bi mí ni? Ṣebí ìgbìmọ̀ ti jókòó."

Alága wúkọ́. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, àṣẹ ti kúrò nínú ohùn rẹ̀. "Kí lẹ fẹ́ ká ṣe gan-an?"

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ obìnrin náà. Bóyá nítorí pé kò rí ojú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà fi rí ọ̀nà jáde. "Alága, bẹ́ ẹ bá gbé e lọ, ta ni màá máa bú ní Sátidé?"

"Ẹ máa wá bú wa lọ́dọ̀ mi."

"Lọ́dọ̀ yín kẹ̀? Kí ìyàwó yín bi mí pé kí ni mo wá ṣe?"

"Ìyàwó mi ò sí nílé. Ó lọ bá ọmọ wa tọ́jú ọmọ jòjòló. Ọmọ náà ti ń sáré kiri báyìí. Ó ní òun ń bọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é, ó ní òun ń bọ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi nìkan ni mò ń ṣe alága ilé náà. Mo rò ó pé bí ẹ̀rọ yìí bá wà lọ́dọ̀ mi, àwọn èèyàn á máa yà."

"Kì í wá ṣe tìtorí ẹnu ayé?"

"Ẹnu ayé wà níbẹ̀ díẹ̀."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu obìnrin náà, kò mọ ibi tó gbà wá. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Alága náà ń rín lẹ́yìn fírísà bí ẹni tó wà nínú kànga.

"Alága, ẹ̀yin ò tíì fọwọ́ kan fírísà yìí láti àárọ̀, ẹnu nìkan lẹ fi ń tì í. Ẹ dì í mú lọ́dọ̀ yín. Bí mo bá tì í, kẹ́ ẹ fà á."

Ó fi èjìká tì í. Alága, fún ìgbà àkọ́kọ́, fi ọwọ́ méjèèjì fà. Fírísà ké, ó mì, ó sì fà sẹ́yìn wọ yàrá lọ gbùà.

Nígbà tí àwọn yòókù fi mú géńdé méjì dé, Alága ti jókòó, ó ń nu òógùn. Ó dìde.

"Ìgbìmọ̀ ti jókòó. Fírísà ò gbọdọ̀ kúrò níbi tí olóògbé fi í sí. Èmi ni mo dá àbá náà."

"Àbá ńlá ni, ẹ̀gbọ́n," ni Ṣúmékà wí.

Ìyá Aránkọ́tìnì jẹ́ kó jẹ ẹ́ gbé. Ó kàn béèrè pé, "Ta ni ìgbìmọ̀ fi jẹ onílé?"

"Kò sí ipò tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ó ti wà báyìí. Onílé ní kẹ́ ẹ máa fọ ife tẹ́ ẹ bá lò. Onílé ní kẹ́ ẹ máa relé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ti ẹnu ayé, ẹ ṣí ilẹ̀kùn iwájú sílẹ̀ gbayawu, kí ayé máa wò yín."

Dókítà so rọ́bà padà, ó bu ife kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Obìnrin náà kò mu bíà rí. Ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ hunjọ.

"Nǹkan kíkorò yìí lẹ torí ẹ̀ ń da ilé mi rú láti ọjọ́ yìí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága gbé ife tirẹ̀ sókè, ó ní ọ̀rọ̀ yìí rán òun létí ọjọ́ tí òun àti Púlọ́ńbà ṣèèṣì ya omi sínú ilé ọkùnrin olówó kan, bí òun ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ òun dí ẹnu páìpù tó bẹ́, tí Púlọ́ńbà fi sáré lọ ti omi pa. Ṣúmékà ti ń mi orí. Ìyá Aránkọ́tìnì gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Irọ́ gbuu," ó ní. "Bàbá wọn ti sọ ọ́ fún mi, orí tábìlì lẹ gùn lọ́jọ́ náà. Ẹ sún díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jókòó, kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún wọn."