Àdúà Ọjọ́ Kẹjọ Olùkọ́ Mi ní Ìlọrin

Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Sátidé ni mo jáde nílé wa ní Ìbàdàn, èmi àti aṣọ dúdú tí mo wọ̀, pẹ̀lú ìwé méjì tí mo kọ ọ̀rọ̀ sí nínú báàgì mi. Àdúà ọjọ́ kẹjọ Àlájà Músílímátù ni mo ń lọ. Òun ló kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìtàn nílé-ìwé gírámà ní Ìlọrin, òun náà sì ni olùdámọ̀ràn wa, ẹni tí ọmọ tó bá níṣòro máa ń lọ bá nínú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Nọ́ọ̀sì ni èmi, n kì í bẹ̀rù ojú ẹnikẹ́ni, àmọ́ ìrìn yìí wúwo lọ́kàn mi.

Ní Ìwó Róòdù, ẹgbẹ̀rún méje náírà ni wọ́n gbà, mo sì rí àyè jókòó níwájú. Ọ̀nà dára títí dé Ọ̀yọ́. Láti ibẹ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́, kòtò lórí kòtò ni, àwọn tírélà sì ń sáré bí ẹni pé àwọn nìkan ló ni títì. Dẹ́rẹ́bà wa, ọmọ Ìlọrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, wo aṣọ mi.

"Ṣé òkú lẹ̀ ń lọ sin ni, Àǹtí?"

"Àdúà ọjọ́ kẹjọ ni. Olùkọ́ mi ni."

"Ọlọ́run ó kẹ́ ẹ. Dúdú wá ńkọ́? Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ téèyàn bá kú náà la ó ti sin ín. Kò sáyè à ń rán aṣọ."

Mo ní kó máa wa ọkọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Àmọ́ òótọ́ ló sọ. Ní ilé tiwa, tó jẹ́ ilé onígbàgbọ́, òkú àgbà lè lo oṣù kan ní mọ́ṣúárì kí wọ́n tó tẹ ìwé ètò, àwọn tó bá ní ọ̀rọ̀ ìdágbére yóò sì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti kà á. Ohun tí mo rò pé n ó bá nìyẹn tí mo fi kọ ìwé méjì.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, ọ̀dọ̀ àǹtí mi kan ni mo ń gbé ní GRA Ìlọrin. Iṣẹ́ ilé kì í jẹ́ kí n sùn, orí tábìlì ní kíláàsì ni mo ti ń sun oorun náà. Àlájà pè mí, ó fún mi lómi mu, ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀, kò ní dé etí ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́. Mo ní mo fẹ́ sá padà sí Ìbàdàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ló ránṣẹ́ pe àǹtí mi, torí lójú tirẹ̀, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Lọ́jọ́ kejì, àǹtí kó ẹrù mi síta. Odidi ọdún kan ni n kò fi fojú kan ilé-ìwé.

Lọ́dún tó kọjá, nọ́ńbà kan tí n kò mọ̀ pè mí. "Fọláṣadé, ọmọ mi, Àlájà Músílímátù ni, láti Ìlọrin. Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ni." Mo mọ ohùn náà dáadáa. Mo ní, "Ẹ ti ṣi nọ́ńbà pè, ìyá," mo sì pa fóònù. Kò pè mọ́. Lọ́sẹ̀ yìí ni Nímọ́tà ọmọ rẹ̀ pè pé ìyá ti kú, pé ó ti sọ pé kí wọ́n sọ fún mi. Ọ̀rọ̀ ìbínú ló wà nínú ìwé kan, ọ̀rọ̀ ọpẹ́ wà nínú ìkejì. N kò tíì mọ èyí tí n ó kà.

Aago mẹ́sàn-án ti kọjá díẹ̀ nígbà tí a wọ Ìlọrin. Mo jẹ màsà mẹ́ta, ìyẹn ìrẹsì lílọ̀ tí wọ́n dín róbótó, igba náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé mi dé ẹ̀gbẹ́ Ọjà Tuntun ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, mo sì fẹsẹ̀ rin ìyókù torí ọ̀nà ilé náà há. Àwọn obìnrin ti jókòó sórí ẹní nínú hìjáàbù funfun, èmi wá dà bí kannakánná láàárín lékeléke. Obìnrin kan sún fún mi. Ràmátù lórúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ ni ní Òkè-Oyi. Ó ní lẹ́yìn tí Àlájà fẹ̀yìn tì, ó máa ń wọ ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ wọn láti bá àwọn ọmọbìnrin tó ń tajà lẹ́bàá títì sọ̀rọ̀.

"Èmi náà finú hàn án rí," Ràmátù ní. "Àmọ́ kó tó gbọ́ tìẹ, á kọ́kọ́ sọ tọmọ kan tó finú han òun, tí òun wá lọ sọ ọ́ fún àgbà, tí wọ́n sì lé ọmọ náà síta. Ó ní ọmọ yẹn ló kọ́ òun níṣẹ́ òun. Á wá ní, 'O ti mọ ẹ̀ṣẹ̀ mi báyìí. Ṣé wàá ṣì sọ fún mi?'"

"Ẹ sì sọ fún un?"

"Mo sọ fún un. Kò dé etí ẹnikẹ́ni títí dòní, wallahi."

N kò lè sọ fún un pé èmi ni ọmọ náà. Ojú tì mí, orí mi sì wú lẹ́ẹ̀kan náà.

Àlùfáà ṣe wáàsí tán. Mo ń retí kí wọ́n pe àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ti tọwọ́ bọ báàgì. Kò sóhun tó jọ ọ́. Ó kàn ní, "Ẹni tí ìyá yìí bá ṣẹ̀, ẹ yọ̀ǹda fún un nítorí Ọlọ́run." Gbogbo ilé dáhùn pé, "A yọ̀ǹda." Ẹnu mi ti bá wọn sọ ọ́ kí n tó rántí ìwé kankan, àlùfáà sì ti bọ́ sórí àdúà mìíràn. Ìbínú ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n parí sínú ọ̀rọ̀ kan. Àyà mi fúyẹ́, ó yà mí lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ sàráà ni Nímọ́tà wá kí mi. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo parọ́ fún ìyá yín. Wọn kò ṣi nọ́ńbà pè. Èmi ni."

"Wọ́n mọ̀," ó ní. "Mo wà níbẹ̀. Bí ẹ ṣe pa fóònù ni wọ́n ní, 'Òun ni. Ohùn rẹ̀ rèé, ó ti dàgbà.' Mo ní kí n tún yín pè. Wọ́n ní rárá, ẹ̀tọ́ yín ni. Inú wọn dùn títí tílẹ̀ fi ṣú pé ẹ wà láyé, pé ara yín le. Wọ́n ní kí n pè yín táwọn ò bá sí mọ́, pé ó máa rọ̀ yín lọ́rùn nígbà náà láti wá."

Mo sunkún níbẹ̀ láìtijú. Nímọ́tà dì mí mú bí ẹni pé èmi ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Aago méjì ni mo wọkọ̀ padà, pẹ̀lú wàrà tí Ràmátù rà fún mi. Mo délé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀yìn ń ro mí, inú mi sì tutù. Mo ti rò pé èmi ni mò ń lọ foríjì èèyàn, àṣé wọ́n ti foríjì mí kí n tó kúrò nílé. Ohun tó ń dùn mí ni pé a kò bára wa jà dáadáa, kí a sì parí rẹ̀, nígbà tó ṣì lè fún mi lésì. Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé, bí ẹni tó ṣẹ̀ yín bá pè, tó sì dárúkọ yín, ẹ jẹ́ ẹ. Ẹ lè bú u lẹ́yìn ìyẹn.