Aáyù Tí Mo Fi Lé Àwọn Oníbàárà Mi Lọ

Iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni mo ń ṣe ní Bàrígà nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba. Abẹ́ igi fúrúùtù kan ni ìsọ̀ mi wà, lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ṣómólú wá. Àga onígi kan, dígí kan tó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, kílípà, abẹ méjì, àti bẹ́ńṣì tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé láti dúró de ara wọn, gbogbo ohun tí mo ní nìyẹn. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí kò lè mọ bó ṣe ń mú èèyàn sún mọ́ ẹlòmíràn tó. Bí mo bá ń fá irùngbọ̀n ẹnì kan, àlàfo tó wà láàárín imú mi àti imú rẹ̀ kì í ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kò sì lè sá, nítorí abẹ wà lọ́rùn rẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá. Nígbà tí mo lo oṣù mẹ́ta ní Èkó, mo kọ lẹ́tà sí ìyá mi pé ikọ́ ń yọ mí lẹ́nu. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ọ̀sà ni. Wọn kò rí ọ̀sà rí, ṣùgbọ́n ó dá wọn lójú. Wọ́n rẹ aáyù sínú oyin, wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò ńlá, wọ́n fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ ní Èkó, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé kí n máa jẹ ọmọ aáyù mẹ́ta láàárọ̀ àti mẹ́ta nírọ̀lẹ́, kí n sì máa jẹ àlùbọ́sà tútù lé e. Mo ṣe bí wọ́n ṣe wí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ikọ́ náà ti lọ. Mo ń jẹ aáyù lọ ní tèmi, nítorí wọn kò sọ ìgbà tí n ó dáwọ́ dúró.

Lẹ́yìn náà ni ìwà àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Tíṣà kan wà tó ń ti Pédrò wá, tí kì í dákẹ́ látìgbà tó bá ti jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìwé ìròyìn dání, á sì gbé e sójú débi pé mo ní láti wá àgbọ̀n rẹ̀ lábẹ́ ìwé náà kí n tó lè fá a. Télọ̀ kan mú áńkáṣíìfù wá, ó fi bo imú, ó ní ọ̀fìnkìn ń ṣe òun. Ọ̀fìnkìn náà kò lọ fún oṣù méjì. Ẹnì kẹta ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́, nígbà tí mo sì dé iwájú, ó ní iwájú dára bẹ́ẹ̀, kí n fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń jókòó sórí bẹ́ńṣì mọ́. Mo rò pé àwọn èèyàn kàn ń dá irun sí lásìkò náà ni. Lọ́jọ́ kan, mo pàdé télọ̀ yẹn ní Ṣómólú, irun orí rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀ mọ́ roro. Ó kí mi dáadáa, ó sì dé fìlà.

Obìnrin àgbàlagbà kan wà, ará Ìlàjẹ, tó ń yan ẹja létí ọ̀sà. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń gbé ẹja lọ tà ní Ṣómólú, wọ́n á sì sinmi díẹ̀ lábẹ́ igi mi. Ìyá Ẹlẹ́ja ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa gbé àtẹ wọn jìnnà díẹ̀, kí òórùn ẹja má baà lé àwọn oníbàárà mi. Wọ́n gbé e jìnnà. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, wọ́n wo bẹ́ńṣì tó ṣófo, wọ́n wò mí.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o kì í fọ ẹnu ni?"

"Mò ń fọ̀ ọ́, Ìyá. Pákò ni mo fi ń fọ̀ ọ́."

"Ẹnu ẹ ń rùn."

Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

"Ṣé kì í ṣe ẹja yín ni, Ìyá?"

"Ẹja mi wà lọ́hùn-ún níbi tí o ní kí n gbé e sí. Ara ẹ gan-an ń rùn. Bí o bá ti ń làágùn báyìí, òórùn aáyù ló ń jáde."

Ojú tì mí. Mo mú abẹ, mo pọ́n ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kú.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń rin pákò lójúmọ́. Mo fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, mo jẹ orógbó, mo fi kànìnkànìn wẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo sì ra pọ́dà. Ìyá Ẹlẹ́ja ló ń bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á sọ àtẹ kalẹ̀, wọ́n á sún mọ́ mi, wọ́n á fi imú fà á. "Ó ṣì wà níbẹ̀." Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lo pọ́dà, wọ́n fà á lẹ́ẹ̀mejì. "Aáyù tó wọṣọ ìgbéyàwó." Àmọ́ n kò ṣíwọ́ jíjẹ aáyù. Oògùn tí ìyá ẹni fi ránṣẹ́ ni, mo sì gbà pé bí mo bá ti fọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Oníbàárà kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tí kò sá. Nọ́ọ̀sì ni, ọkùnrin, ní ilé ìwòsàn Igbóbì. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní òun ti gbọ́ òórùn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́.

Ó ní, "Ẹ lè fọ ẹnu títí tí eyín á fi tán. Kì í ṣe ẹnu nìkan ni aáyù wà. Bó bá ti dà nínú yín, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹ ó sì máa mí i jáde. Èyí tó bá kù á bá òógùn jáde."

Mo ní n kò gbà.

"Ó dáa. Ẹ má jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ gé e, kí ẹ fi pa àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ má fi kan ẹnu rárá."

Lọ́jọ́ karùn-ún, Ìyá Ẹlẹ́ja fi imú fa ẹnu mi, wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n bá mi gé aáyù, wọ́n fi pa àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì, wọ́n sì lọ fọ ọwọ́. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà, mo jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà mi ń jókòó lé. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì. Àwọn tó ń kọjá ń kí wa, a sì ń dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, wọ́n dìde, wọ́n ní kí n ya ẹnu.

"Ó ti dé."

Èmi náà ti ń tọ́ ọ wò lẹ́yìn ahọ́n. Wọ́n wo bàtà mi, wọ́n wo ẹnu mi, wọ́n tún wo bàtà.

"Láti ẹsẹ̀?"

"Láti ẹsẹ̀ ni, Ìyá."

Wọ́n gbé àtẹ wọn rù, wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ tètè dé Ṣómólú kí oòrùn tó mú.

Mo jáwọ́ nínú aáyù àti àlùbọ́sà tútù. Mo kọ̀wé sí ìyá mi pé ikọ́ ti lọ pátápátá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Ẹlẹ́ja nítorí ọ̀rọ̀ àtẹ wọn. Wọ́n ní kò burú, ibi tí àwọn ń gbé e sí ti mọ́ àwọn lára. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í padà lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni tíṣà ṣì gbé ìwé ìròyìn sójú. Nígbà kẹta, ó ká a, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti ibi tó bá a dé ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀fìnkìn télọ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó lé òun lọ fún mi, n kò sì bi wọ́n.

Ní ọdún kejì, ọkùnrin kan ń wá gẹrun lọ́dọ̀ mi, tó jẹ́ pé ògógóró àti ẹran yíyan ló fi ń ṣe oúnjẹ àárọ̀. Mo rò ó pé ó yẹ kí n ṣe é lóore tí Ìyá Ẹlẹ́ja ṣe mí. Mo dá kílípà dúró, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹnu yín ń rùn, pákò kò sì lè yanjú rẹ̀." Mo ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ fún un, mo ṣàlàyé ẹ̀dọ̀fóró. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. Ó tú aṣọ tí mo so mọ́ ọn lọ́rùn, ó ká a dáadáa, ó fi lé orí àga, ó sì kọrí sí ọ̀nà Pédrò, irun apá ọ̀tún lọ sílẹ̀, ti apá òsì wà bó ṣe wà. Ó dùn mí gan-an. N kò rí i mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ í bá èèyàn sọ, mo máa ń gẹ irun rẹ̀ tán ná.