Fíìmù Ọjọ́ Jímọ̀ àti Ojú Ìyá Mi

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ọdún mẹ́rin péré ni mo fi jókòó nílé ìwé, nínú yàrá kan ní Karantina, àdúgbò kan ní Jẹ́dà, tí àwọn obìnrin kan ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí ìwé àṣẹ ìgbélùú wọn kò pé. Èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ́ wa. Àǹtí Sìdí, àbúrò ìyá mi, ló fi ẹ̀yìn páálí bisikíìtì kọ́ mi ní Yorùbá kíkọ. Nítorí náà, bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ ni n ó ṣe sọ ọ́, fún ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nílẹ̀ yìí, tí ẹ mọ bí irú yàrá wa ṣe rí.

Òórùn ni mo kọ́kọ́ ń rántí. Òórùn oògùn ìfọlé tó máa ń ta ni nímú, àti òórùn tùràrí díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ òórùn méjèèjì pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kí n tó lajú, mo ti mọ̀ pé ìyá mi ti dé láti Mẹ́kà. Misfalah ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí àwọn tó wá ṣe Úmúrà máa ń dé sí. Wọ́n ń nu ilẹ̀, wọ́n ń fọ balùwẹ̀, wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn. Lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀gá wọn ń fún wọn láyè láti wá wò mí ní Jẹ́dà. Wọ́n á wọ ọkọ̀ àjùmọ̀wọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, wọ́n á fi hìjáábù kọ́ ìṣó ara ògiri, wọ́n á sì dùbúlẹ̀ tì mí láìsọ̀rọ̀. Mo máa ń ṣe bí ẹni tó ṣì ń sùn, kí wọ́n má baà dìde.

Àwa mẹ́ta là ń gbé inú yàrá náà: Àǹtí Sìdí, èmi, àti Ìyá Gàní. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ìyá Gàní, abáyà ni wọ́n ń rán, kò sì sí ẹni tí wọn kì í fi ṣẹ̀fẹ̀. Fèrèsé wa kan ṣoṣo kọjú sí ògiri ilé kejì. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ni mí. Bí wọ́n bá bi mí ní nǹkan ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan ṣoṣo ni n ó fi dáhùn, n ó sì wolẹ̀. Ìyá mi kì í bá mi jà nítorí ìyẹn. Wọ́n kàn máa ń sọ pé, "Mistura, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Fíìmù Yorùbá ni fàájì wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àǹtí Sìdí á gbé fóònù wọn ti agolo mílíìkì, a ó jókòó yí i ká lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bí fíìmù bá parí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ títí yóò fi fún un ní máàkì. Mẹ́wàá ni gbogbo máàkì. Ẹni tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, torí Àǹtí Sìdí ní bí àgbà bá ti fọhùn, ọmọdé á kàn tẹ̀ lé e ni. Èmi sì ni mo kéré jù. Ìrẹsì á máa tutù, wọ́n á máa wò mí. "Márùn-ún," n ó wí. Gbogbo fíìmù ni mo ń fún ní márùn-ún. Ìyá Gàní ní bí wọ́n bá fi mí ṣe adájọ́, olè àti olóhun ni yóò jọ pín ẹrù náà dọ́gba.

Ìyá Gàní fúnra wọn kì í fún fíìmù ní ju mẹ́ta lọ bí ọkọ burúkú inú rẹ̀ kò bá sunkún kó tó parí. Àṣìṣe ni Àǹtí Sìdí máa ń wá ní tiwọn: èwo ni ti aláìsàn tó kun ẹnu ní ọ̀dà pupa, èwo ni ti ọlọ́pàá tó dé lẹ́yìn tí ìjà ti tán. Ìyá mi ló máa ń sọ tiwọn kẹ́yìn. Bí wọ́n bá wà ní Mẹ́kà, wọ́n á wo fíìmù kan náà lórí fóònù tiwọn, wọ́n á gbohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù fi ránṣẹ́ sí wa, gbogbo wa á dákẹ́, a ó máa gbọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan tí ìyá mi wà nílé, a wo fíìmù kan nípa obìnrin tí ọkọ rẹ̀ lọ sókè òkun tí kò padà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, lẹ́tà ọkọ dé. Obìnrin náà jókòó nídìí ààrò, ó yí lẹ́tà náà síwá sẹ́yìn, ó sì jù ú sínú iná láì tú u. Kò sọ ohunkóhun. Orin nìkan ló ń dún títí fíìmù fi parí. Mo fún un ní márùn-ún mi. Ìyá Gàní fún un ní méje, Àǹtí Sìdí fún un ní mẹ́fà. Ó kan ìyá mi. Wọ́n ní, "Mẹ́sàn-án. Inú mi dùn pé ó padà ka lẹ́tà ọkọ rẹ̀."

Ìyá Gàní dojú bo ilẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá Mistura, lẹ́tà tó ti di eérú? Ṣé inú eérú lẹ ti bá a kà á ni? Ẹ ti sùn lọ, ẹ sọ òótọ́." Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní iṣẹ́ ló ń pa àwọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo wà. Wọn kò sùn. Wọ́n ń ka tẹ̀súbáà lábẹ́ ìbòrí wọn, ojú wọn là sílẹ̀, wọ́n sì dẹ etí sí fóònù náà bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò.

Nígbà tí wọ́n dìde láti lọ ṣe àlùwàlá, mo tẹ̀ lé wọn. Búútà wà létí ẹsẹ̀ wọn, ọwọ́ wọn sì ń rá pálá kiri lórí símẹ́ńtì, wọ́n ń wá a. Mo gbé e fi sí wọn lọ́wọ́. Wọn kò gba búútà, ọrùn ọwọ́ mi ni wọ́n dì mú.

"O ti mọ̀," ni wọ́n wí.

Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀gbẹ́ ojú ló kọ́kọ́ lọ, pé àárín ló kù, òun náà sì ti ń dà bí èéfín. Wọ́n ní, "Má sọ fún Sìdí. Bí Sìdí bá gbọ́, yóò pariwo, ọ̀gá mi á sì gbọ́. Iṣẹ́ yẹn ló di ìkámà wa, ìwé àṣẹ ìgbélùú wa, mú. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́, ìwé náà bọ́ nìyẹn." Mo mi orí. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n má rí i. Mo ní, "Ó dáa, Màámi."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́kọ́ wo fíìmù ọjọ́ Jímọ̀ ní ọ̀sán Alámísì, lórí fóònù àtijọ́ Ìyá Gàní, nígbà tí Àǹtí Sìdí bá wà níbi iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ sì ń pariwo. N ó wọ balùwẹ̀, n ó gbohùn mi ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Misfalah. Ohun tí ẹnu àwọn òṣèré kò sọ ni mo ń sọ fún wọn. Mo ń sọ pé ìyàwó kékeré wọ aṣọ ìyáálé, kò sì tọrọ rẹ̀. Mo ń sọ pé ọkùnrin náà ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ kan ti já. Ìyá mi á béèrè pé, "Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?" N ó padà lọ wò ó, n ó tún gbohùn mi sílẹ̀. Èmi tí kì í sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ, mo ń sọ̀rọ̀ títí ẹnu á fi ro mí. Máàkì mi náà yí padà. Mo ń sọ fún ìyá mi pé eléyìí tó mẹ́jọ, pé tọ̀hún kò ju méjì lọ, wọ́n á sì gbé máàkì náà kalẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ bí ẹni pé tiwọn ni. Èmi a tún sọ márùn-ún mi.

Ìyá Gàní mi orí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Bọ́tìnnì tó já? Ìyá Mistura, ojú yín mú o. Àwa tí a jókòó ti fíìmù yìí, kí là ń wò?" Ẹ̀rín ìyá mi jáde láti inú fóònù. Mo tẹ orí ba sórí ìrẹsì mi. Ó dùn mọ́ mi. N kò ní purọ́ fún yín, ọdún yẹn ló dùn jù nínú ayé mi, nítorí pé èmi àti ìyá mi ní ohun tí ẹlòmíì kò ní. Bó sì ṣe ń dùn mọ́ mi ni ojú wọn ń lọ. Mo mọ̀ pé ó ń lọ, nítorí ìbéèrè wọn ń pọ̀ sí i. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó lé ní ọdún kan dáadáa kí ìyá mi tó ṣubú. Orí àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì ni, tàwọn ti garawa omi, níṣojú àwọn àlejò. Ọ̀gá wọn ju ọwọ́ níwájú wọn, wọn kò ṣẹ́jú. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀gá náà ní kí wọ́n máa lọ. Àǹtí Sìdí mú wa lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Jẹ́dà. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Lárúbáwá Àǹtí Sìdí jẹ́ ti ọjà, ti ìyá mi jẹ́ ti iṣẹ́: táwẹ̀lì, ọṣẹ, ṣe kíá. Èmi ni mo ti jókòó nílé ìwé. Nítorí náà, èmi ni mo dúró láàárín àwọn àti dókítà, tí mò ń túmọ̀.

Obìnrin ni dókítà náà, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó tan iná sí ojú ìyá mi, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo bi ìyá mi, wọ́n ní kò pẹ́. Mo yíjú sí dókítà, mo sọ òótọ́ fún un ní Lárúbáwá: ó ti lé ní ọdún kan. Ó gbé iná náà sílẹ̀. Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ. Ó ní bó bá jẹ́ pé a ti gbé wọn wá nígbà yẹn, oògùn tí wọ́n ń kán sójú ì bá dá èyí tó kù dúró. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí mi. Ó ní àìsàn yìí máa ń tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀, pé kí èmi náà máa yẹ ojú mi wò lọ́dọọdún.

"Kí ló wí?" ni Àǹtí Sìdí béèrè. Ìyá mi kọ ojú sí ibi tí ohùn mi ti ń wá.

Bí mo bá sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ohun tí mo ṣe ni n ó sọ. Mo ní, "Ó ní bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ó ní bí a tilẹ̀ tètè wá, bákan náà ni."

Àǹtí Sìdí bú sẹ́kún, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Dókítà rí ẹkún náà, ó sì rọra fọwọ́ kàn mí léjìká, bí ìgbà tí ọmọdé bá jẹ́ iṣẹ́ tó wúwo tó sì jẹ́ ẹ dáadáa.

Ìyá mi padà sílé, sí Ìṣẹ́yìn. Èmi dúró ti Àǹtí Sìdí, torí ẹnìkan ní láti máa fi nǹkan ránṣẹ́ sílé. Mo ti pé ọdún mẹ́tàlélógún báyìí. Abidiyah ní Mẹ́kà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń tọ́jú àwọn ọmọ olùkọ́ kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Bí mo bá bá àwọn ọmọ náà sọ Yorùbá, Lárúbáwá ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Láti ìgbà ààwẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń fi èjìká òsì kọlu fírémù ilẹ̀kùn wọn.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, a wo fíìmù kan ní yàrá Karantina. Ìyá mi ń gbọ́ ọ láti Ìṣẹ́yìn. Ọkùnrin kan fọ́jú níbẹ̀, ó bọ́jú nínú odò, ó sì ríran. Èmi ni mo ṣì kéré jù, mo fún un ní márùn-ún. Ìyá Gàní ní àwọn ì bá fún un ní mẹ́jọ bí kò bá ṣe pé ọkùnrin náà fi ojú tuntun rẹ̀ fẹ́ ìyàwó mìíràn. Inú bí Àǹtí Sìdí. Wọ́n fún un ní oókan. Wọ́n ní, "Irọ́ ni wọ́n ń pa fún aráyé. Dókítà tiwa sọ ọ́ lójú wa níbí pé bí Ọlọ́run bá ti kọ ọ́, kò sí bí a ṣe lè sáré tó."

Ìyá mi fọhùn láti inú fóònù. Wọ́n ní, "Òótọ́ ni, Sìdí. Ọ̀rọ̀ dókítà yẹn ni mo fi ń sùn."

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti fi orí lé ọ̀rọ̀ tí dókítà kò sọ. Bí mo bá yọ ọ́ lábẹ́ orí wọn, n kò mọ ohun tí n ó fi dípò rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá yẹn bẹ̀rù iṣẹ́ ìyá rẹ̀ àti ìkámà wọn, ó sì bẹ̀rù ara rẹ̀. Mo lè bá a wá àwáwí. Èmi tí mo dàgbà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ní kí n má sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, mo jókòó, mo ń fi ṣíbí tú ìrẹsì ká, mo dákẹ́ bíi tirẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró kí Àǹtí Sìdí kírun tán. Mo po tíì fún wọn, mo jókòó sórí ẹní, mo sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò fo ohunkóhun. Wọn kò pariwo. Wọ́n gbé kọ́ọ̀pù náà kalẹ̀, wọ́n sì béèrè pé, "Ojú tìrẹ ńkọ́?" Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún, mo sọ ohun tí ojú òsì ń rí nínú yàrá náà fún wọn, mo sì sọ ibi tí kò ti rí nǹkan kan mọ́. Nígbà tí ilé ìwòsàn ṣí, mo wọ abáyà mi, mo lọ kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ojú.