Oníkẹ́ẹ̀gì Kú àbí Kò Kú?

Ẹ̀kọ́ ilé ló dá ìjà náà sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ nǹkan mìíràn fún yín, ẹ má dá a lóhùn. Ìṣojú mi ni.

Ilé fídíò kan wà ní àdúgbò wa ní Ìwó nígbà náà, yàrá gbọọrọ kan tí wọ́n fi páànù bò, tí wọ́n to bẹ́ńṣì sínú rẹ̀ bíi kíláàsì. Níbẹ̀ la ti wo fíìmù òyìnbó kan tí a sọ ní Oníkẹ́ẹ̀gì. Mi ò rántí orúkọ tí àwọn tó ṣe é fún un. Ọkùnrin kan ni, ó ti hewú díẹ̀, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ, ó so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ẹ̀yìn, ó ń rìn kiri nínú aginjù lẹ́yìn tí ayé ti parí, ó ń wá bẹntiróò. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ló fẹ́ gba kẹ́ẹ̀gì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn nínú ìtàn náà, síbẹ̀ apá mẹ́ta ni wọ́n ṣe, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sì wò títí a fi mọ ìgbà tí ajá inú rẹ̀ máa gbó.

Àgbà méjì ló ni bẹ́ńṣì iwájú. Ọ̀kan ni bàbá mi, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba. Èkejì ni ọ̀rẹ́ wọn, aránṣọ kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Aránṣọ. Láti kékeré ni àwọn méjèèjì ti ń jiyàn lórí ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn, kò sì sẹ́ni tó kọ ọjọ́ sílẹ̀. Ìyá bàbá mi ní ìgbà tí wọ́n ń gbin àgbàdo lòun bí tòun. Ìyá Bàbá Aránṣọ náà ní ìgbà tí wọ́n ń gbin àgbàdo lòun bí tòun. Nítorí náà, "ìwọ" ni wọ́n ń pe ara wọn, kálukú sì ń retí kí èkejì ṣi ẹnu pe òun ní "ẹ̀yin." Wọ́n retí rẹ̀ títí irùngbọ̀n wọn fi funfun.

Ìyàwó onífídíò ló ń túmọ̀ òyìnbó fún wa. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Kì í pe àgbà ní "ó," ìbáà jẹ́ àgbà inú tẹlifíṣọ̀n. Bí Oníkẹ́ẹ̀gì bá yọ sójú tẹlifíṣọ̀n, a ó gbọ́ ọ tí yóò ní, "Wọ́n ti dé. Wọ́n ń bínú. Wọ́n ti yọ ìbọn." Inú àwọn àgbà máa ń dùn sí i gan-an.

Ní òpin apá kẹta, Oníkẹ́ẹ̀gì àti àwọn ọlọ́ṣà kojú ara wọn, ìjì yanrìn dé, ó bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ìwé òyìnbó wá jáde sójú tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó onífídíò bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: "Wọ́n kú sínú yanrìn..."

Ni iná bá lọ.

Nígbà tí iná fi máa padà dé, ẹ̀rọ ti jẹ téèpù, ó jẹ ẹ́ wọmúwọmú, kò ṣẹ́kù nǹkan kan tí èèyàn lè lẹ̀. A jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ni "wọ́n"?

Bàbá mi ní Oníkẹ́ẹ̀gì ni. Ó ti hewú, obìnrin tó gbẹ̀kọ́ kò sì lè sọ pé "ó kú." Bàbá Aránṣọ ní àwọn ọlọ́ṣà ni, torí àwọn ni wọ́n pọ̀. A bi ìyàwó onífídíò léèrè. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí ẹ̀yin bàbá má bínú, tí òyìnbó bá ti gba ẹnu òun kọjá, Yorùbá rẹ̀ nìkan lòun máa ń rántí.

Ibẹ̀ ni àwọn àgbà méjèèjì ti búra níṣojú gbogbo wa. Tí Oníkẹ́ẹ̀gì bá kú, Bàbá Aránṣọ yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi, wọn yóò sì máa pè wọ́n ní ẹ̀gbọ́n títí ayé. Tí kò bá kú, bàbá mi ni yóò dọ̀bálẹ̀. Mo mọ̀ pé "wọ́n" ti ń pọ̀ jù nínú ìtàn tèmi náà. Kí ni kí n ṣe? Bàbá mi ni.

A kọ́kọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n awàdà náà di ìjà gidi. Níbi ìkómọ kan, wọ́n ní kí ẹni tó dàgbà jù ṣe àdúrà, àwọn méjèèjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tó gbà láti jókòó. Wọ́n jọ ń ṣe àdúrà lọ, ohùn ọ̀kan ń borí tèkejì, ọmọ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Aránṣọ kò ti wá sílé wa mọ́. Tẹ́lẹ̀, abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun nírọ̀lẹ́. Ní báyìí bàbá mi á dá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn á kọjú sí ọ̀nà, wọn á ní atẹ́gùn làwọn ń gbà. Ó dùn mí. Ó tún bí mi nínú, nítorí pé òyìnbó kan tí kò gbọ́ orúkọ Ìwó rí ló sọ àgbà méjì di ọ̀tá.

Ọdún mélòó kan kọjá. Mo ti di tíṣà, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé girama. Ni onífídíò bá lẹ àwòrán kan mọ́ ògiri: wọ́n ti ṣe Oníkẹ́ẹ̀gì tuntun! Kẹ́ẹ̀gì nìyẹn, jákẹ́ẹ̀tì aláwọ nìyẹn, ajá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin náà yàtọ̀. Kì í ṣe ẹni tí a mọ̀.

Iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ní àdúgbò. Ìyá tó ń ta kẹrosíìnì wo àwòrán náà, ó pàtẹ́wọ́. "Àkúdàáyà ni! Ó kú níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó wá lọ ń gbé níbòmíràn."

Àgbẹ̀ kan tó gbé ẹ̀gẹ́ wá láti Olúpọ̀nnà ní irọ́ ni. "Àkúdàáyà kì í pààrọ̀ ojú. Tó bá pààrọ̀ ojú, báwo lẹni tó mọ̀ ọ́n á ṣe rí i kó sì figbe ta? Ọmọ rẹ̀ nìyẹn, ó jogún kẹ́ẹ̀gì."

Ọlọ́kadà kan ní òun ò rí ìyàtọ̀ kankan, ojú kan náà ni gbogbo òyìnbó ní.

Èmi la ẹnu mi tí mo fi kàwé, mo ní òṣèré àkọ́kọ́ ti darúgbó ni, wọ́n wá gba ẹlòmíràn síṣẹ́. Gbogbo wọn wò mí bí ẹni tó tutọ́ sọ́bẹ̀. Ìyá oníkẹrosíìnì ní, "Tíṣà, a ò sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ èèyàn là ń sọ."

Ìṣòro kan wà. Ọ̀wọ́n gógó epo wà nílùú, kò sì sí iná. Fíìmù àwọn tó ń jà nítorí bẹntiróò, bẹntiróò ni a ó fi wò ó. Onífídíò wá ṣòfin: ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó gbé ìgò epo kan dání fún jẹnẹrétọ̀. Ní ọ̀sán Sátidé náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi imú yẹ ìgò kọ̀ọ̀kan wò. Ẹnìkan gbé kẹrosíìnì wá, wọ́n lé e bí olè. Bàbá mi gun Vẹ́sípà wọn dé, wọ́n jókòó sí eteetí bẹ́ńṣì iwájú lápá ọ̀tún. Bàbá Aránṣọ fẹsẹ̀ rìn dé, wọ́n jókòó sí eteetí rẹ̀ lápá òsì. Kò sẹ́ni tó jókòó sáàárín wọn.

Ìyàwó onífídíò ní òun ò túmọ̀ fíìmù yẹn mọ́ láyé òun. Èmi ni wọ́n fà síwájú.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Arúgbó obìnrin kan sọ fún ọmọ rẹ̀ pé àwọn èèyàn ní Oníkẹ́ẹ̀gì ti kú. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé lèmi náà. Mo ní, "Wọ́n ní wọ́n ti kú."

Ariwo sọ. "Ta ni wọ́n, ta sì ni wọ́n?" "Tíṣà, yọ ọ̀wọ̀ kúrò níbẹ̀!" "Sọ ọ́ ní ‘ó’ jàre!"

Mo wo Oníkẹ́ẹ̀gì onírùngbọ̀n yẹn lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó dà bíi kí n fọ́ àgbàlagbà létí. "Wọ́n ní... ó ti kú."

"Ẹ gbọ́!" ni bàbá mi pariwo.

"Wọ́n ní ni!" Bàbá Aránṣọ dáhùn láìwo ọ̀dọ̀ wọn. "Ṣé gbogbo ohun tí wọ́n bá ti ní ló máa ń rí bẹ́ẹ̀?"

Láti ìgbà náà, ẹnu kò dákẹ́ mọ́. Àgbẹ̀ Olúpọ̀nnà bi wá pé ilẹ̀ tó tẹ́ rẹrẹ báyẹn, kí ló dé tẹ́nì kan ò gbin ẹ̀gẹ́ sí i? Ìyá oníkẹrosíìnì ní ayé parí, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin inú rẹ̀ ṣì rí ọ̀dà kun ètè. Bàbá Aránṣọ ń yangàn pé ayé lè parí, aránṣọ ò lè parí, ẹ sáà wo jákẹ́ẹ̀tì. Alfa àdúgbò wa ní kí wọ́n yé pe ìyẹn ní òpin ayé. Oòrùn ò tíì ti ìwọ̀ oòrùn yọ, wọn ò tíì fọn fèrè, àìsí epo lásán nìyí, kí wọ́n sọ fún òyìnbó pé kó fara balẹ̀, bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. Gbogbo ilé ṣe àmín.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìka ló wà lọ́kàn àwọn àgbà méjèèjì. Ní apá kìíní, ilẹ̀kùn mọ́tò ti gé ọmọńdinrín ọwọ́ òsì Oníkẹ́ẹ̀gì, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ọkùnrin tuntun yìí wọ ìbọ̀wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ìka yẹn bá wà níbẹ̀, kì í ṣe òun, a jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ ti kú. Tí kò bá sí, òun ni, ojú yòówù kó gbé wá. Gbogbo ilé fara mọ́ òfin yìí, àní ọlọ́kadà pàápàá.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Oníkẹ́ẹ̀gì jókòó sórí àpáta, ó di ìbọ̀wọ́ òsì mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó kú.

Ẹ ò gbọ́ igbe rí. Onífídíò ní epo ti tán, kò sí ìgò kankan mọ́. Àwọn kan ti ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò láti máa lọ. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, pé iyàn náà ni a ó bá wọ sàréè.

Bàbá mi dìde. "Ẹ lọ fa epo jáde nínú Vẹ́sípà mi."

Mo sáré bá wọn, mo rọra sọ̀rọ̀. "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé ó lè jẹ́ pé òun ni? Tó bá jẹ́ òun ni..."

"Mo mọ̀." Wọn ò wò mí. Ẹ̀yìn orí Bàbá Aránṣọ ni wọ́n ń wò. "Èmi ti jiyàn yó. Jẹ́ kí n rí òpin rẹ̀."

Wọ́n fi rọ́bà fa epo inú Vẹ́sípà tán pátápátá. Jẹnẹrétọ̀ jí. Oníkẹ́ẹ̀gì fa ìbọ̀wọ́ yọ, ó gbé ọwọ́ sókè sí oòrùn.

Ìka mẹ́rin.

Páànù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Láàárín ariwo yẹn, bàbá mi rìn lọ sí eteetí bẹ́ńṣì lápá òsì, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wólẹ̀, díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹ̀yìn tó ń ro wọ́n. Bàbá Aránṣọ fò dìde. "O ò gbọdọ̀! Dìde!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé bàbá mi, eékún wọn ò gbà, àwọn náà bá ṣubú lulẹ̀. Àgbà méjì dọ̀bálẹ̀ fún ara wọn lórí símẹ́ńtì, kò sí èyí tó lè dìde.

"Gbé mi dìde," ni bàbá mi wí.

"Ìwọ gbé mi dìde ná!"

Bàbá mi gbìyànjú láti fa ẹ̀wù wọn yọ. Wọ́n wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ yín kúrò lórí ẹ̀wù mi."

 Bàbá Aránṣọ tó ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré la ẹnu, ìtìjú mú wọn. "Ẹ má bínú," ni wọ́n fèsì. "Ẹ̀yin náà, ẹ dìde."

Àwa la gbé wọn. Vẹ́sípà ò sì ní epo mọ́, àwọn méjèèjì ló jọ tì í lọ sílé wa, wọ́n jọ jẹun nínú abọ́ kan. Láti ọjọ́ náà "ẹ̀yin" ni wọ́n ń pe ara wọn. Ẹran inú abọ́ a máa tutù: "Ẹ mú un." "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú." Ìyà ń jẹ èmi tó ń retí àwo láti fọ̀.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ọmọbìnrin Bàbá Aránṣọ wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, kò sì lè gbójú sókè. "Bàbá, wọ́n ti kú."

"Ta ni?" ni bàbá mi bi í, bí ẹni pé ẹlòmíràn tún wà.

Ó tún un sọ. Bàbá mi kọjú sí ọ̀nà tí ọ̀rẹ́ wọn máa ń gbà wá.

"Wọn ò kú," ni wọ́n wí. "Iná ló lọ."

Mo wọlé lọ bá wọn mú fìlà.